Bí Wọ́n Ṣe Ń To Ọjọ́ Kan ní Radio 4

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London máa ń bi àwa tá a ń ṣiṣẹ́ rédíò pé: báwo ni rédíò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé orin sí i, tí kì í polówó ọjà, ṣe ń rí ẹni gbọ́ ọ láti ìdájí di ọ̀gànjọ́? Radio 4 ti BBC ni wọ́n ń sọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ó gbọ́ ìròyìn, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, ìwàásù kékeré, eré, àwàdà, ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí lórí òkun. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àfi bí ìgbà téèyàn da ẹrù ọjà mẹ́wàá sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí ọwọ́ olùgbọ́ ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ ètò tó kàn.

Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ètò àwọn àgbẹ̀, Farming Today, ti ń lọ kí aago mẹ́fà tó lù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò ìròyìn Today, tó ti wà láti 1957, á gba wákàtí mẹ́ta. Ẹnì kan ń fá irùngbọ̀n, ẹnì kan ń wọṣọ fún ọmọ, ẹnì kan wà nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ wákàtí mẹ́ta náà tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún kókó ìròyìn sọ léraléra, tí wọ́n sì ń fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gbóná jù sí nǹkan bí 8:10, nígbà tí etí pọ̀ jù. Kó tó dìgbà yẹn, àlùfáà, ìmáàmù tàbí rábì ti máa sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá ti sọ tirẹ̀ tán, wọ́n á padà sórí owó orí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ilé á pa rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ náà á wá gùn. Aago mẹ́wàá ni Woman's Hour, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe atọ́kùn ètò àwọn obìnrin yìí, Alan Ivimey lorúkọ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé ni The Archers, eré nípa àwọn ará abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ambridge, abúlé tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1951 ni gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, àmọ́ ìwọ̀n ni wọ́n ṣì fi ń pín oúnjẹ fáwọn èèyàn, ìjọba sì fẹ́ káwọn àgbẹ̀ kọ́ ọ̀nà tuntun. Bí wọ́n bá gbé ọ̀jọ̀gbọ́n kan sórí afẹ́fẹ́ láti máa ṣàlàyé ajílẹ̀, àgbẹ̀ á pa rédíò rẹ̀, á lọ sùn. Ni Godfrey Baseley, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, bá fi ìmọ̀ràn iṣẹ́ oko sẹ́nu bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ tí wọ́n ń jà lórí oúnjẹ alẹ́. Ó ṣì ń lọ di òní, láago méje alẹ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lálẹ́ á gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn ọ̀gá rédíò ka àtúngbọ́ sí ìwà ọ̀lẹ. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ náà ní etí. Ohun tó sì jẹ́ kó rọrùn fún BBC ni pé owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n táwọn ìdílé ń san lọ́dọọdún ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ra àkókò ló sábà máa ń sọ ibi tí ètò máa wà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an ń bẹ lórí wákàtí. Bí wákàtí bá fẹ́ẹ́ pé, ẹ ó gbọ́ ìró mẹ́fà: márùn-ún kúkúrú, ẹ̀kẹfà gùn díẹ̀. Ìgbà tí ìró ẹ̀kẹfà bẹ̀rẹ̀ ni wákàtí pé gẹ́lẹ́. Láti 1924 ni wọ́n ti ń ṣe é, èèwọ̀ sì ni kí atọ́kùn sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn la ti ń ka aago bọ̀. Ẹni tó ń ka ìròyìn máa ń ka nǹkan bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà a mọ̀ pé ìròyìn ọlọ́rọ̀ 90 máa gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Àlejò ló máa ń dà á rú. Bí ẹ bá gbọ́ tí atọ́kùn ní kí mínísítà dáhùn “ní gbólóhùn kan péré,” ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ń pariwo “ogún ìṣẹ́jú àáyá!” sí i létí.

Ọgbọ́n kan náà wà lóru. Ní 00:48 ni wọ́n ń ka ojú ọjọ́ orí òkun fáwọn atukọ̀. Ṣáájú rẹ̀, orin jẹ́jẹ́ kan tí kò ní ọ̀rọ̀ á máa dún. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ti lè gé e, òun ló ń jẹ́ kí àkókò bára mu. Agbègbè òkun 31 ni wọ́n máa kà, bẹ̀rẹ̀ láti Viking lápá Norway, yípo àwọn erékùṣù Britain. Ọ̀rọ̀ kan wà fún ìjì tó máa dé kí wákàtí mẹ́fà tó pé, òmíràn wà fún ti wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, òmíràn sì wà fún èyí tó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń gbọ́ ọ kò dé inú ọkọ̀ ojú omi rí, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, orin orílẹ̀-èdè, kí World Service, ẹ̀ka BBC tó wà fún gbogbo ayé, tó gbà á láago kan. Ẹ̀ka tí World Service ti jáde wá yìí náà ni wọ́n ń fi wáyà gbé wọ inú ilé àwọn ará Èkó láti 1935, nígbà tí a ò tíì ní rédíò tiwa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, 93.5 FM ni. Ẹ má fi Today bẹ̀rẹ̀, àwọn olóṣèlú á tètè sú yín. Ẹ tan án láago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lásìkò àwàdà. Bó bá bọ́ sígbà tí Just a Minute wà níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ àwọn àgbà tó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìkólòlò, láìyà kúrò lórí ọ̀rọ̀, láìtún ọ̀rọ̀ kan sọ. Àwọn ọmọ yín á fẹ́ dán an wò.