Ìtànkálẹ̀ mínírà àti fáàsì-fúùdù káàkiri àgbáyé

Mínírà, tí àwọn oníwèé máa ń pè ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti oúnjẹ yára-jẹ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí fáàsì-fúùdù, wà lára ọjà tó tètè tàn káyé jù láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Orúkọ tó lókìkí jù nínú wọn ni Coca-Cola, Pepsi, 7UP, McDonald's, KFC àti Domino's, Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ pé adùn àti ìpolówó ló gbé wọn débi gbogbo. Ìyẹn wà níbẹ̀ o, àmọ́ téèyàn bá tọ ìgò kan láti ilé iṣẹ́ títí dé ṣọ́ọ̀bù, á rí i pé owó ẹlòmíì ló gbé wọn rìn jù, torí ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ ò sábà fi owó tiẹ̀ kọ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sígò, kò sì sábà ra ọkọ̀ tó ń já a kiri. Bí wọ́n ṣe ṣe é lágbàáyé, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá bí wọ́n á ṣe fi afẹ́fẹ́ sínú omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Joseph Priestley ṣe é ní England lọ́dún 1767, Jacob Schweppe wá sọ ọ́ di òwò ní Geneva lọ́dún 1783. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, ọwọ́ àwọn apòògùn ló bọ́ sí, wọ́n ń po ṣúgà àti oríṣiríṣi ewé mọ́ ọn bí ìgbà téèyàn ń se àgbo, wọ́n ń tà á ní ife kọ̀ọ̀kan lórí káńtà fún ẹni tó rẹ̀ tàbí tórí ń fọ́. John Pemberton tó po Coca-Cola ní Atlanta lọ́dún 1886, apòògùn ni. Caleb Bradham tó po tiẹ̀ ní New Bern ní North Carolina lọ́dún 1893, apòògùn lòun náà, ọdún 1898 ló tó sọ ọ́ ní Pepsi-Cola. 7UP ò pẹ́ tó ìyẹn, Charles Leiper Grigg ló gbé e jáde ní St. Louis lọ́dún 1929. Orúkọ Coca-Cola fúnra ẹ̀, ewé koka ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù àti obì ilẹ̀ Áfíríkà ló ti jáde, obì kan náà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ń fi ọkọ̀ ojú irin kó lọ sókè Ọya nígbà kan.

William Painter ti ìlú Baltimore ló ṣe ìdérí onírin eléyín wẹ́wẹ́ yẹn lọ́dún 1892, èyí tí àwọn kan ṣì ń fi eyín ṣí lọ́dọ̀ wa títí dòní. Nǹkan kékeré ni lójú, àmọ́ láìsí i, afẹ́fẹ́ inú mínírà ò ní dúró débi tí wọ́n á fi gbé e láti ìlú kan dé ìkejì.

Ìgò àti ẹni tó ń rọ ọ́

Lọ́dún 1899, lọ́yà méjì láti Chattanooga, Benjamin Thomas àti Joseph Whitehead, lọ bá Asa Candler tó ti ra Coca-Cola, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn máa rọ ọ́ sígò. Candler ò ka ọ̀rọ̀ ìgò sí, lójú tiẹ̀ orí káńtà ni òwò náà wà, ló bá gbà fún wọn. Dọ́là 1 péré ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn, wọ́n tiẹ̀ ní kò gba dọ́là ọ̀hún. Ètò tó tibẹ̀ jáde ni gbogbo ayé wá ń lò: ilé iṣẹ́ á po omi adùn tó ki, á tà á fún oníṣòwò kan ní àgbègbè kan, oníṣòwò yẹn ló máa wá omi, ṣúgà, afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ, ìgò, ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́. Tọ́jà bá kú sí i lọ́wọ́, òun ló ni ín, tó bá tà, ilé iṣẹ́ ti gba owó omi adùn tiẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó fi máa di 1906 wọ́n ti ń rọ ọ́ ní Cuba, Panama àti Kánádà. Ìgò alábẹ̀bẹ̀ ìdí tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, Root Glass Company ní Terre Haute ló yà á lọ́dún 1915, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni ìgò téèyàn lè fọwọ́ kàn lókùnkùn kó dá a mọ̀, kódà tó bá fọ́ sílẹ̀.

Robert Woodruff tó di ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 1923 ló dojú ẹ̀ kọ òkèèrè gidi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ó ní ibi yòówù kí sójà Amẹ́ríkà wà, kó lè rí ìgò kan rà ní sẹ́ǹtì 5, ìjọba sì bá wọn kó ẹ̀rọ tẹ̀lé àwọn ológun, ilé ìrọgò 64 ni wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn odi. Ogun parí, àwọn sójà lọlé, àwọn ilé ìrọgò ò lọ. Lápá Jámánì, omi adùn ò lè wọlé mọ́, Max Keith tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ níbẹ̀ wá fi omi tó ṣẹ́kù lára wàràkàṣì àti ṣàǹtí ápù po nǹkan míì lọ́dún 1940, òun ni Fanta. Fanta ọlọ́sàn tí a mọ̀ yìí, Naples ní Ítálì ló ti jáde lọ́dún 1955.

Ibi tí ìlànà yẹn ò bá ti bá òfin ìlú mu, wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Lọ́dún 1972 Pepsi bá ìjọba Soviet dúnàádúrà, torí pé owó rúbù wọn ò ṣeé ná níta, ọtí Stolichnaya ni wọ́n fi ń san owó Pepsi, nígbà tó sì di 1989 ọkọ̀ ogun ojú omi àtijọ́ ti wọ inú ohun tí wọ́n fi ń san án. India ní kí Coca-Cola jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ ní ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n kọ̀, wọ́n sì jáde lọ́dún 1977. Ilé iṣẹ́ Parle bọ́ sáàyè wọn pẹ̀lú Thums Up àti Limca, ìgbà tí Coca-Cola padà dé lọ́dún 1993 ńṣe ló ra méjèèjì. Limca tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wa níbí, ibẹ̀ ló ti wá.

Nàìjíríà

Lọ́dún 1951 ni àwọn Leventis, àwọn ará Cyprus, dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, lọ́dún 1953 wọ́n rọ ìgò Coca-Cola àkọ́kọ́ ní abẹ́ ilé òtẹ́ẹ̀lì wọn kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta l'Ékòó. Seven-Up Bottling Company ti Mohammed El-Khalil, ọmọ Lẹ́bánónì, rọ tiẹ̀ ní Ìjọra ní October 1, 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an. Láti 1986 ni PepsiCo ti ni 7UP níbi gbogbo yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan náà fi ń kó 7UP, Pepsi, Mirinda àti Teem. Nígbà tí La Casera dé lọ́dún 2001, inú ike ló wà látìbẹ̀rẹ̀, lọ́dún 2016 Rite Foods gbé Bigi jáde láti Òsósà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ògbómọ̀ṣọ́

Ojú títì Ìbàdàn ni mínírà ń gbà wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn nǹkan bíi 100 kìlómítà. Ìlú tí oríkì ẹ̀ ní wọ́n ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni, mínírà ò sì rí ọkà láfún lé kúrò láyè ẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń jẹ ọkà nílé, òde ni wọ́n ti ń mu mínírà: ìsọmọlórúkọ, òkú, ìgbéyàwó, wọ́lìmọ̀. Ó jọ pé ẹ̀sìn wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún un, torí àwọn Onítẹ̀bọmi ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́ (ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ wọn ti wà látọdún 1898), Mùsùlùmí náà sì pọ̀, apá méjèèjì nílò nǹkan tí wọ́n lè gbé síwájú àlejò tí kì í ṣe ọtí.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí mínírà kì í fi bẹ́ẹ̀ ya sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́jà, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ètò 1899 yẹn parí sí. Láyé tó jẹ́ pé ìgò nìkan ló wà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa kọ́kọ́ ra kíréètì àti ìgò 24 inú ẹ̀, kò tíì ra mínírà o. Owó yẹn á wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí táá fi fi òwò náà sílẹ̀, táá sì ta ìgò òfìfo fún ẹlòmíì. Iye ìgò òfìfo tó bá ní ni iye tó lè gbà ní dẹ́pò lọ́jọ́ kan, kódà tí oníbàárà bá pọ̀ bí eéṣú. Ní dẹ́pò, àwọn ọmọ tó ń gba ìgò á máa fi ìka tọ́ ẹnu ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti sán wọn ò ní gbà á. Ìgò Coca-Cola ò ṣeé fi gba Pepsi, nítorí náà ẹni tó bá ti kówó lé ìgò apá kan, ọ̀dọ̀ wọn náà láá máa bá lọ, ó sì dà bíi pé ìyẹn lágbára ju ìpolówó kankan tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tó fi jẹ́ pé orí ìdúró ni wọ́n ti ń mu ún nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bá rán, tí kò sì mú ìgò dání, ìyá á já ìdérí, á da mínírà sínú nálọ́ọ̀nù, á ki sítírọ́ọ̀ bọ̀ ọ́, á so ó lọ́rùn pinpin, ọmọ á máa fà á mu lọ́nà (kó tó délé ó ti dá sí méjì), ìgò á dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fọ́ ìgò ló ń san án. Tó bá jẹ́ ìnáwó, dẹ́pò tàbí ọlọ́jà ńlá lè kó kíréètì fún olóde, wọ́n á ka ìgò nígbà tí òde bá tú, èyí tí wọn ò ṣí á padà, èyí tó bá sọ nù á wọ owó olóde, ìjà tó sì máa ń ti ibi kíkà yẹn jáde kì í ṣe kékeré.

Oníke ló tú okùn yẹn. Látìgbà tó ti dé, ẹni tó bá ní bááfù kan, yìnyín àti páàkì oníke kan ti di ọlọ́jà ní Tákìẹ́ tàbí Sábó, kò nílò ìgò òfìfo kankan. Àwọn orúkọ tuntun bíi Bigi, àti Big Cola tó jẹ́ ti ìdílé Añaños ní Peru tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́dún 1988, ríbi wọlé torí pé wọn ò ní láti kọ́kọ́ ra ẹgbàágbèje ìgò kí wọ́n tó tà. Àmọ́ ìgò tí kò lówó lórí, kò sẹ́ni táá gbé e padà, gọ́tà ló ń gbà á.

Fáàsì-fúùdù

Irú ètò kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ilé oúnjẹ ló rọ́pò ìgò. Ilé oúnjẹ White Castle bẹ̀rẹ̀ ní Wichita lọ́dún 1921, àwọn McDonald tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tún ilé ìdáná wọn tò ní San Bernardino lọ́dún 1948 kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, Ray Kroc ṣí ẹ̀ka McDonald's tiẹ̀ ní 1955, ó sì ra gbogbo ẹ̀ ní 1961 ní mílíọ̀nù dọ́là 2.7. Harland Sanders, ẹni tó dá KFC sílẹ̀, ti ń yá èèyàn ní ọ̀nà tó fi ń dín adìẹ láti 1952. KFC dé Beijing ní 1987, McDonald's dé Moscow ní 1990, ó sì kúrò ní Rọ́ṣíà ní 2022.

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ UAC ló ṣíwájú pẹ̀lú Mr Bigg's lọ́dún 1986, Tantalizers tẹ̀ lé e ní 1997, Chicken Republic ní 2004. Nígbà tí KFC máa fi dé ní 2009 àti Domino's ní 2012, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti kọ́ àwọn èèyàn ní mítì-páì àti ìrẹsì inú páàkì, kódà KFC náà ní láti máa se jọ́lọ́ọ̀fù. Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH (1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀), ṣáwámà ló gbayì jù ládùúgbò Under G, oúnjẹ àwọn Lárúbáwá tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn, ẹni tó bá ti ní ààrò, sọ́sèjì, kábéèjì àti máyónéèsì ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ṣúgà àti owó orí

Agolo Coca-Cola 355ml ti Amẹ́ríkà ní ṣúgà gíráàmù 39. Mexico bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí péṣò 1 lórí lítà kan ní 2014. Nàìjíríà kọ náírà 10 lórí lítà sínú òfin ìnáwó 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2022, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọ ọ́ sígò sì ni wọ́n ti ń gbà á.