BC: nọ́ńbà tó ń sọ bí ọta ìbọn ṣe máa rìn lọ́nà jíjìn

Bí ọta ṣe ń sáré tó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò lára páálí ọta ráífù. Kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn fún prairie dog, ẹran kékeré tó ń gbẹ́ ihò káàkiri pápá ìjẹko màlúù ní South Dakota àti Montana, láti 300 yáàdì, ó yẹ kó wo BC náà.

BC, ìyẹn ballistic coefficient, ló ń sọ bí ọta ṣe lè la afẹ́fẹ́ kọjá kí eré rẹ̀ má tètè dín kù. Ọta àwòṣe kan tó wúwo tó pọ́n-ùn 1, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1, ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. BC tirẹ̀ jẹ́ 1. Bí ọta bá ṣe wúwo sí ìbú rẹ̀, tí imú rẹ̀ sì ṣóńṣó, ni BC rẹ̀ ń ga sí i.

Ẹ wo .223 Remington, irú ọta ráífù kan. Ọta gíréènì 55 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) tí BC rẹ̀ jẹ́ .255 ń jáde lẹ́nu ìbọn ní ẹsẹ̀ bàtà 3,240 ní sẹ́kọ́ńdù kan. Ti gíréènì 75, BC .395, ń jáde ní 2,790 péré. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí, tí ọta bá fi dé 300 yáàdì, á ti gbé ti 55 yà tó bí ínǹṣì 10, ti 75 tó bí 8. Àyà ẹran náà kò sì ju ínǹṣì 3 tàbí 4 lọ. Èyí tí kò yára ló yà díẹ̀! Ohun tó fà á ni pé iye àkókò tí afẹ́fẹ́ fi dá ọta dúró ni atẹ́gùn ń rí lò, kì í ṣe gbogbo àkókò tó fi wà lójú ọ̀nà. Ọta 55 fi bí ìdá 6 nínú 100 sẹ́kọ́ńdù pẹ́ ju bí ì bá ṣe pẹ́ ká ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ti 75 kò tó 5.

Ṣé ká wá máa ra èyí tí BC rẹ̀ ga jù? Rárá o. Ọta tó wúwo máa ń gùn, ó sì fẹ́ kí ìlà inú ọ̀pá ìbọn yí i kíákíá: ìyípo kan nínú ínǹṣì 8 dára fún gíréènì 75. Ọ̀pọ̀ ráífù .22-250, tí ìbú ọta rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti .223, jẹ́ ìyípo kan nínú 14. Nínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ọta á máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ihò tó ń lu sára bébà á sì gùn dípò kó rí roboto.

Èyí tó léwu jù ni pé ọta ìdíje, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje ìbọn yíyìn, lè má fọ́ tó bá balẹ̀. Ó lè ta padà kúrò nílẹ̀, kó lọ bá màlúù tàbí ilé. V-Max, ọta tí wọ́n ṣe fún irú ẹran kékeré bẹ́ẹ̀, ní èèpo bàbà tó fẹ́lẹ́ àti imú oníke, ó sì máa ń fọ́ túútúú. Nítorí náà, V-Max 55 nínú .223 ni mo fara mọ́ títí dé 250 yáàdì. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, V-Max 87 nínú .243 Winchester, irú ọta tó tóbi ju .223 lọ, BC .400, ń fọ́, atẹ́gùn kì í sì í gbé e tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù tó ń jó pọ̀ gan-an ju ti .223 lọ: ọ̀pá á tètè gbóná, á tètè jẹ, ìbọn á sì ta padà débi pé ẹ lè má rí ibi tí ọta bà nínú awò.

Tí ẹ bá ń fi BC sínú áàpù fóònù, ẹ wò ó bóyá G1 ni tàbí G7, ìyẹn àwòṣe ọta méjì tí wọ́n fi ń díwọ̀n BC. ELD Match gíréènì 75, ọta ìdíje kan, jẹ́ .467 ní G1, .235 ní G7. Ẹni tó bá kọ .467 sí àyè G7, áàpù á rò pé ọta kò ní já wálẹ̀ púpọ̀, ìsàlẹ̀ ẹran ni yóò sì máa bà.