Mọ́tò Ológun Nínú Ẹrẹ̀ Oko Wa

Ní ìparí oṣù kẹfà, bàbá kan tó ní oko kàjú lọ́nà Ìkòyí-Ilé pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé mọ́tò òun rì. G-Wagon ni, jíìpù Mercedes. Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi débẹ̀, táyà ti gbẹ́ ilẹ̀ títí ṣáàsí fi jókòó sórí ẹrẹ̀, awakọ̀ ṣì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ké. Bàbá ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé wọn ò ti tàn mí báyìí? Wọ́n ní mọ́tò ológun ni."

Mo ní, "Wọn ò tàn yín, Bàbá." Mercedes ti Jámánì àti Steyr-Daimler-Puch ti Ọ́sítríà ló fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní 1972 láti ṣe é, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní ìlú Graz ní 1979. Àwọn ọmọ ogun Faransé lo irú rẹ̀ kan tí wọ́n fi orúkọ Peugeot pè. Agbára náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti rí owó tó pọ̀ tó ṣòfò síbẹ̀.

Ẹ wo táyà ẹ̀yìn mọ́tò èyíkéyìí. Tó bá ń yí kọ́nà, ìrìn táyà ìta gùn ju ti inú lọ, ìdí nìyẹn tí difáránṣà fi wà láàárín wọn, kí ọ̀kan lè yára ju èkejì. Nínú ẹrẹ̀, àǹfààní yẹn á di wàhálà. Ọ̀dọ̀ táyà tó ń yọ̀ ni agbára á gbà lọ, á máa pòòyì, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle ò ní mira. Bí fọ́ọ̀-wíìlì ò bá ní lọ́ọ̀kù, ó lè fi iwájú kan ẹ̀yìn kan pòòyì kó má sì kúrò lójú kan. Lọ́ọ̀kù ló ń so méjèèjì pọ̀ bí àjàgà ṣe ń so màlúù méjì. G-Wagon tó jáde láti nǹkan bí 1990 ní mẹ́ta: àárín tó ń so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, iwájú.

Awakọ̀ bàbá tẹ bọ́tìnnì wọn o. Iná yẹ́lò ló rí, ló bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ lọ. Yẹ́lò ní mọ́tò ti gbọ́ àṣẹ, eyín irin ò tíì wọnú ara wọn. Ẹ jẹ́ kó yí díẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi pupa. Àárín lẹ ó kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, iwájú ló gbẹ̀yìn. Ti iwájú yìí, ibi tó lọ tààrà nìkan ni kẹ́ ẹ ti lò ó, torí síárìn ò ní fẹ́ yí mọ́. Ẹ má sì fi èyíkéyìí gun títì ọ̀dà.

Táyà ló dùn mí jù. Táyà títì ni, ojú rẹ̀ dán. Mo tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti 35 sí 20 kó lè tẹ́ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, a fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, a tẹ́ ẹ̀ka igi, mo kó o sí gíà kékeré. Nígbà tí iná pupa, ó jáde láìké. Ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Nínú àkùrọ̀, ìwúwo yẹn ló ń rì í. Mo ti rí Hilux alátáyà ẹrẹ̀ tó kọjá níbi tí irú rẹ̀ rì sí.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa Hummer. H1, tí aráàlú ti ń rà láti 1992, ga kúrò nílẹ̀ ní ínǹṣì 16, àmọ́ ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Àárín igi kàjú ò gbà á. Ti H2, mọ́tò mìíràn ni, orí ṣáàsí ọkọ̀ akẹ́rù GM ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Omi ńkọ́? G-Wagon tó jáde láti 2018 lè la omi 70 sẹ̀ǹtímítà, àárín itan àgbàlagbà nìyẹn. Ti ìṣáájú, 60. Ẹ fẹsẹ̀ yín wọ̀ ọ́ wò kí mọ́tò tó wọ̀ ọ́. Ewu tí mo bẹ̀rù jù, lẹ́yìn omi ló ń dé. Difáránṣà tó ti gbóná bá bọ́ sómi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ihò tó fi ń mí, á fa omi gba ojú sílì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tú ọ́ìlì difáránṣà bàbá: ó funfun bí ògì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè wò ó, bérìn ì bá ti jẹ.

Ṣáàsí rẹ̀ àti irin abẹ́ rẹ̀ kì í tètè yẹ̀. Wáyà ló ń dá wa lóró. 300GD àtijọ́, oní-dísù sìlíńdà márùn-ún, ò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì Mercedes àtijọ́ á tún un ṣe ní abúlé. Tuntun nílò ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Lọ́ọ̀kù tí wọn ò fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún sì máa ń gan, nítorí náà ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀, ní tààrà.

Fún àgbẹ̀ tó fẹ́ kó kàjú jáde lásán, Hilux ni màá ní kó rà, torí ẹ̀yà ara rẹ̀ ò wọ́n. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára G-Wagon tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n wà á lọ sórí yẹ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò kúrò ní yẹ́lò, ẹ bi àwọn ará Ládípọ̀ l'Ékòó ní iye àtúnṣe rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ iye.