Bí ìròyìn ìwà ọ̀daràn ṣe ń di dátà tí ẹ̀rọ lè kà

"Lóru ọjọ́ Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú, àwọn kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, wọ́n sì kó fóònù 13 lọ. Ọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ ọkùnrin ẹni ọdún 26 kan."

Ẹni tó bá ka ìròyìn kékeré yìí, ó ti yé e. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tó tò tẹ̀ lé ara wọn lásán ni. Tí a bá bi í pé ṣọ́ọ̀bù mélòó ni wọ́n fọ́ lóṣù yìí, tàbí pé mélòó nínú àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, kò lè dáhùn, àyàfi tí ẹnì kan bá ti tú ìròyìn náà sí wẹ́wẹ́, tó sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ààyè tirẹ̀ nínú tábìlì. Ìròyìn tí a tò báyìí là ń pè ní dátà níbí.

Ní 2005, Adrian Holovaty, akọ̀ròyìn tó tún mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, gbé chicagocrime.org jáde. Ó kó àkọsílẹ̀ tí ọlọ́pàá ìlú Chicago ń gbé síta, ó tẹ́ ẹ sórí máàpù Google, ará ìlú sì lè wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀wé nípa àléébù kan nínú iṣẹ́ ìròyìn: akọ̀ròyìn á kó ọjọ́, ibi àti iye jọ, á pò ó mọ́ ọ̀rọ̀, kò sì ní rọrùn láti tún un yọ jáde mọ́.

Nínú gbogbo ààyè tí a ní láti kún, irú ẹ̀ṣẹ̀ ló dà bí èyí tó rọrùn jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ ń dojú rú. Akọ̀ròyìn lè pe gbogbo rẹ̀ ní olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀, ẹni tó já báàgì gbà, àti ẹni tó na ìbọn síni kó tó gbowó, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá lójú òfin. Ìdí nìyí tí a fi ń lo kóòdù, ìyẹn àmì tó dúró fún irú ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iye ẹ̀ṣẹ̀ tí ìlà kan nínú tábìlì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, lè gbà náà ṣe pàtàkì. Nínú ètò ìṣirò tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá ja ẹnì kan lólè tí wọ́n sì pa á, ìpànìyàn nìkan ni wọ́n ń kà. NIBRS, ètò tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 2021, lè gba ẹ̀ṣẹ̀ tó tó 10 lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan.

"Lóru Sátidé mọ́jú Àìkú" náà kò ní aago kan pàtó. Oníṣọ́ọ̀bù tilẹ̀kùn ní aago 8 alẹ́, ó dé ní aago 7 àárọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní gbayawu. Ẹni tó bá kọ aago 7 sílẹ̀ ti kọ irọ́ sínú dátà láìmọ̀. Ààyè méjì ló yẹ: ìgbà tó yá jù tó lè ti ṣẹlẹ̀, àti ìgbà tó pẹ́ jù.

Ti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ gba ìfarabalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi àmì sórí ilé gan-an, a ti tú ẹni tí wọ́n ṣe níbi síta fún aráyé. Nínú dátà tí ìlú Chicago ń gbé jáde, nọ́ńbà ilé kì í pé. 013XX ni wọ́n máa ń kọ, kó lè tọ́ka sí àdúgbò láìtọ́ka sí ilé. Ní 2009, ìwé ìròyìn Los Angeles Times ṣàkíyèsí pé máàpù ọlọ́pàá ìlú Los Angeles ń fi ibì kan nítòsí gbọ̀ngàn ìlú hàn bí ojúkò ìwà ọ̀daràn. Àwọn ọ̀daràn kò kóra jọ síbẹ̀. Àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà kò bá rí lórí máàpù, ibẹ̀ ló ń da gbogbo wọn sí. "A kò mọ̀" gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn tí ààyè kọ̀ọ̀kan lè gbà.

Ènìyàn lè kún àwọn ààyè yìí, ẹ̀rọ náà sì lè kún un. Ní 1991, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà dán an wò ní Amẹ́ríkà, lórí ìròyìn ìkọlù àwọn apániláyà ní Látìn Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ òde òní yára jù tìgbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n ó lè fi èrò ara rẹ̀ dí ibi tí ìròyìn dákẹ́ sí. Ẹ tún ìròyìn tòkè yẹn kà: kò síbi tí wọ́n ti sọ pé ọkùnrin ẹni ọdún 26 náà ló kó fóònù. Gbólóhùn méjì kàn wà nítòsí ara wọn ni, ẹni tó kà á ló so wọ́n pọ̀.

Ibí gan-an ni dátà ti lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Ìròyìn ní "wọ́n ní", ó ní "a gbọ́ pé", ó ní "afurasí". Bí ààyè inú tábìlì bá kàn ń jẹ́ "ọ̀daràn", ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀ ti di ọ̀daràn, ilé ẹjọ́ ì báà má tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ipò ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ààyè tirẹ̀: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, ó ń jẹ́jọ́, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n dá a sílẹ̀. Kí déètì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ẹni tó sọ ọ́, ìbáà ṣe ọlọ́pàá, ẹlẹ́rìí tàbí adájọ́. Bí ìwé ìròyìn kan bá ní fóònù 13, tí òmíràn ní 15, méjèèjì la ó kọ, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti wá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan lè bí ìròyìn mẹ́fà. Tí kò bá sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó so wọ́n pọ̀, kọ̀ǹpútà á kà á sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tí wọ́n fọ́. Nọ́ńbà yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí adájọ́ bá dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Ẹnì kan á ṣí ìlà rẹ̀, á fi ìdásílẹ̀ náà kún un pẹ̀lú déètì, láìpa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́, gbogbo máàpù àti ojú ìwé tó ń fa ìlà náà lò á sì yí padà. Àwọn tó ti dà á kọ láìmú nọ́ńbà rẹ̀ dání á ṣì máa pè é ní afurasí.