Ẹ Má Pe Olorì Ọba Ní Àlè Mọ́

Ẹni kẹta nìyí láàárín oṣù yìí. Wọ́n á gbé fídíò eré ààfin Ṣáínà wá bá èmi ògbufọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ẹ kàn bá wa fojú gán-án-ní rẹ̀ ni." Mo ṣí i. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tí mo fi rí obìnrin kan tó jókòó, tí wúrà ń dán lórí rẹ̀, tí àwọn ìránṣẹ́ mẹ́fà dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ fíìmù fún un láti sọ ni: "Èmi ni àlè ọba."

Àlè! Àlè tí wọ́n fi ìwé àṣẹ ọba gbé wọlé, tí wọ́n fún ní ilé tirẹ̀ nínú ààfin, tí wọ́n ka iye ẹran àti èédú tí yóò máa gbà sí i létí? Àlè wo ni ìjọba ń bọ́?

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọn kò túmọ̀ láti èdè Ṣáínà rárá. Concubine ni wọ́n rí nínú Gẹ̀ẹ́sì tó wà lábẹ́ fídíò, wọ́n bọ́ ọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ pọ àlè jáde, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Wọ́n wá ní kí èmi tó lo ọdún mẹ́rin ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà nítorí èdè yìí wá "fojú gán-án-ní" rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu obìnrin yẹn ni fei. Nígbà ayé àwọn ọba Qing, ìdílé tó jọba kẹ́yìn ní Ṣáínà, ipò mẹ́jọ ni ìyàwó ọba ní. Daying ló kéré jù, changzai tẹ̀ lé e, guiren, pin, fei, guifei, huangguifei, kí a tó wá kan huanghou tó jẹ́ olórí gbogbo wọn. Àwọn ti ìsàlẹ̀ kò níye, ṣùgbọ́n pin kò gbọdọ̀ ju 6 lọ, fei 4, guifei 2, huangguifei 1. Obìnrin tó bá dé ipò fei ti jà kó tó débẹ̀. Olorì ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ipò rẹ̀ hàn, ẹ kọ ọ́ pé olorì onípò kẹrin, kò sí ẹni tí yóò mú yín.

Bákan náà ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, tí wọ́n ń wọlé jáde láàárín àwọn olorì. Mo ti rí "ọkùnrin tí kì í ṣe ọkùnrin" rí nínú iṣẹ́ ẹnì kan, mo sì ti rí "dókítà ààfin", tí n kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ìwẹ̀fà ni wọ́n ń jẹ́! Ààfin Ọ̀yọ́ ní Ọ̀nà Ìwẹ̀fà, ó ní Ọ̀tún Ìwẹ̀fà, ó ní Òsì Ìwẹ̀fà. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún wa kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù dání, ẹ sì ń fi ìjókòó sílẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí kọjá àlè àti ìwẹ̀fà. Àwọn èèyàn kì í yé sọ fún mi pé eré ààfin àwọn Ṣáínà máa ń dùn níbẹ̀rẹ̀, pé tó bá dé àárín, a dàrú. Wọ́n ní obìnrin tó ń bá ọba rẹ́rìn-ín lánàá, òní ló dédé di òkúta, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò ní gbèjà àwọn tó kọ eré. Tó bá yá, màá kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí ẹ ń pè ní àbùkù ìtàn, ọwọ́ ògbufọ̀ ló ti já bọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú "èmi" nìkan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "I" tí ọba ń sọ náà ni ẹrú ń sọ. Nínú ààfin Ṣáínà, ọba ní tirẹ̀, zhen. Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Qin Shi Huang, ọba ńlá àkọ́kọ́ ní Ṣáínà, gbẹ́sẹ̀ lé e lọ́dún 221 ṣáájú ìbí Jésù, tó ní ọ̀rọ̀ náà di ti ọba nìkan. Olorì tó bá wà níwájú ọba a pe ara rẹ̀ ní chenqie. Chen ni ìránṣẹ́ ọba, qie ni ìyàwó kékeré. Ẹ pa á pọ̀, ẹ óò gbọ́ ohun tó ń sọ: bí ẹ ṣe fẹ́ mi tó yìí, ẹrú yín ni mí. Jẹ́ kó kúrò níwájú ọba, kó kọjú sí àwọn tó kéré sí i, tó bá sì ti tó pin sókè, bengong ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú eré: èmi tí mo ni ààfin yìí. Nubi ni ti ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, èmi ẹrú. Aijia ni ti ìyá ọba nínú eré, èmi tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, torí opó ni.

Nítorí náà, bí ọmọdébìnrin kan bá wọ yàrá lọ́jọ́ kan, tó wo ẹni tó ti ń gbá a létí láti apá kìíní lójú, tó wá ní bengong, ogun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò ní pariwo. Kò ní fọ́ ife tíì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka "I" nísàlẹ̀ kò ní rí nǹkan kan, ẹ óò ní eré ti fà jù.

Ti ìfẹ́ ló wá dùn mí jù. Nígbà tí obìnrin tó ti ń ní chenqie, chenqie, láti ọjọ́ tó ti wọlé bá dédé sọ wo, "èmi" tí gbogbo ayé ń sọ lójú pópó, ó ti sọ fún ọba pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá padà sí chenqie, tòun ti ẹ̀rín músẹ́, ó ti tilẹ̀kùn. Òun ni obìnrin tí ẹ ní ó dédé di òkúta.

Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbé e, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìtijú. Yorùbá lè gbé e. A ní ẹ, a ní o. Obìnrin tó ń ní "ẹ" fún ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn àna, tó wá ní "o" nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì, gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dé. Tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ kan nínú yàrá kan náà, tó ní "Ẹ káàbọ̀, sà," ẹ tètè pe ẹbí.

Nínú eré Zhen Huan Zhuan, tó jáde lọ́dún 2011, tó sì jẹ́ apá 76, olorì kan tó ń jẹ́ Zhen Huan ń pe ọba ní Silang ní kọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin Kẹrin ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí ọba náà, Yongzheng, ni ọmọkùnrin kẹrin Kangxi tó jọba ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ẹnu ìyàwó ni, bí ìgbà tí ìyàwó ilé bá ní "olówó orí mi." Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ikú àti ọ̀tẹ̀ ló kọjá kí ọba tó dùbúlẹ̀ àìsàn, tó bẹ obìnrin náà pé kó pe òun ní Silang lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnì kan gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ wá, ó kọ ọ́ pé: "Pe orúkọ mi." Ta ló ń pe ọba lórúkọ? Gbogbo eré apá 76 ló dà nù sínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. (Ẹ jọ̀ọ́, ohùn tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu Sun Li tó ṣe Zhen Huan níbẹ̀, ti Ji Guanlin ni. Ẹlòmíràn ni wọ́n sábà máa ń ní kó wá fọhùn fún òṣèré lọ́hùn-ún. Ẹ yé fi ohùn yin ẹni tí kò ni í.)

Arákùnrin kan tó ń fi Yorùbá sọ ìtàn fíìmù lórí YouTube béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìbínú, pé irú ọba wo ló ń fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́jọ pọ̀. Ó ti rí "sister" títí ojú rẹ̀ fi rọ́. Jiejie àti meimei ni wọ́n ń pe ara wọn. Orogún ni wọ́n! Ìyáálé ń pe ìyàwó ní àbúrò, ìyàwó ń pe ìyáálé ní ẹ̀gbọ́n, májèlé sì wà nínú ìgò. Ọmọ ilé olórogún ni arákùnrin yìí o, ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kan àwọn tó kọ eré.

Lọ́dún 2018, eré méjì jáde lórí ààfin ọba kan náà, Qianlong. Yanxi Gonglue, tí ẹ mọ̀ sí Story of Yanxi Palace, jẹ́ apá 70; Ruyi Zhuan jẹ́ apá 87. Nínú Yanxi, obìnrin ìdílé Wei ni akíkanjú, Wu Jinyan ló ṣe é. Obìnrin ìdílé Nara, tí Charmaine Sheh ṣe, ló di ìkà. Nínú Ruyi, Nara tí Zhou Xun ṣe ló di ẹni àánú, Wei sì di ejò abẹ́ koríko. Wọ́n ń bi mí pé èwo ló purọ́. Méjèèjì ni. Ohun tó dájú ni pé lọ́dún 1765, nígbà tí ọba rìnrìn àjò lọ sí ìhà gúúsù, huanghou Nara gé irun rẹ̀ ní Hangzhou, wọ́n dá a padà sí Beijing, ó kú lọ́dún 1766, wọn kò sì sin ín gẹ́gẹ́ bí huanghou. Wei ló bí Jiaqing tó jọba lẹ́yìn Qianlong. Ìwé ààfin kò sọ ìdí tí irun fi kúrò lórí. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti rí àyè tẹ́ní.

Àwọn kan tún wá ń sọ pé, "Nítorí irun lásán?" Irun lásán kọ́. Láàárín àwọn Manchu, ẹ̀yà tí àwọn ọba Qing ti wá, ikú ọba tàbí ti ìyá ọba ni obìnrin ààfin fi ń gé irun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ti ń fá orí opó láyé àwọn ìyá wa, ẹ rò ó wò: obìnrin yìí ṣe opó ọkọ rẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá kọ "ó gé irun rẹ̀" nìkan, tí kò wá ọ̀nà kankan láti ti ọ̀rọ̀ opó bọ̀ ọ́, kí ló ń gba owó fún?

Ṣùgbọ́n kò sí ògbufọ̀ tó lè tún ìdajì kejì Yanxi ṣe. Huanghou Fuca, tí Qin Lan ṣe, ni òpó àárín ilé náà. Nínú ìtàn gidi, ọ̀nà àjò ló kú sí ní Dezhou lọ́dún 1748. Nínú eré, orí odi ààfin ló ti bẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe lọ báyìí, òrùlé tẹ̀. Ọ̀tá kan kú, òmíràn dìde, ó kú, òmíràn tún dìde, bí géèmù orí fóònù. Ruyi ní tirẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà jìyà, ó tún jìyà, títí ojú ẹni yóò fi gbẹ. Owó wà nídìí ẹ̀. Ilé tẹlifíṣọ̀n ń ra eré ní apá-apá, nítorí náà, bí apá bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe pọ̀ tó, wọ́n sì ń bomi la ọbẹ̀. Lọ́dún 2020, àjọ ìjọba tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ ní kí eré má ṣe ju apá 40 lọ, kí wọ́n tó wá dẹ òfin náà lọ́dún 2025. Ẹ rí i pé omi ọbẹ̀ náà ti kúrò ní kékeré.

Mo kìlọ̀ fún yín, ẹ má gba iṣẹ́ tí wọn kò bá fún yín ní fídíò àti ohùn. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kan fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní iṣẹ́ ń jó lórí iná, fídíò ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Owó ilé ló ń lé mi. Nínú eré náà, ọmọ ọba kan mu ọbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wọ́n bi í pé ta ló bu ọbẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ní "Mother". Mo kọ ọ́: "Ìyá mi ni."

Ọmọ olorì ní ààfin Qing, ìyá méjì ló ní. Èyí tó bí i lọ́mọ ni eniang, huanghou sì ni huang eniang, tí òfin mọ̀ ní ìyá rẹ̀. Kò yẹ kó ṣòro fún wa, àwa tí Samuel Johnson kọ̀wé nípa wa pé ìyá tó bí Aláàfin kì í wà láyé bá a ṣèjọba, pé olóyè tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọba ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Huang eniang ni ọmọ yẹn sọ. Ìyá Ààfin ni ó yẹ kí n kọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di pé ìyá tó bí i lọ́mọ ló fún un ní májèlé jẹ.

Apá mẹ́jọ gbáko ni ìyá aláìṣẹ̀ náà fi sunkún nínú ilé tí wọ́n tì í mọ́, tí ìyá mi tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wa sì ń ṣépè fún un. Ó ní kó kú síbẹ̀. Nígbà tí ọba wá dá a sílẹ̀, tó dì mọ́ ọn, màmá pè mí lórí fóònù.

"Ìwọ lo túmọ̀ eléyìí, àbí? Kí ló dé tí wọ́n fi dá apààyàn sílẹ̀? Ìtàn yìí kò já gaara o."

Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, màmá. Bí àwọn Ṣáínà ṣe máa ń kọ̀tàn nìyẹn. Tó bá ti dé àárín, a dàrú."