Àwòrán Gẹ́ẹ̀mù Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Àwọ̀ Kì Í Ṣe Àìsàn

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé Super Famicom, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Nintendo ti Jàpáánì, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Jàpáánì. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹlòmíràn tó ń tún rédíò ṣe ti tú u palẹ̀, ó sì ti fi sódà kan ojú ibi mẹ́ta nínú rẹ̀, nítorí pé dúdú-òun-funfun ni àwòrán rẹ̀ ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kálà rẹ̀ ti jó,” ló wí fún mi. Kálà kankan kò jó. Irú ẹjọ́ báyìí ti dé iwájú mi lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mo rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé, kí wọ́n tó gbé e fún ẹni tí yóò tú u.

Àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó yọ ẹ̀yìn gọngọ jẹ́ ìlà tí ìmọ́lẹ̀ ń fà láti òsì sí ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ gíláàsì, tí yóò sì padà sókè láti tún bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà àti Ìlú Ọba lo ìlànà tí a ń pè ní PAL, tó ní ìlà 625, tí ìmọ́lẹ̀ náà sì ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC ni Jàpáánì àti Amẹ́ríkà lò ní tiwọn, ìlà 525, nígbà 60. Àwọ̀ kì í sì í dá rìn: orí ìgbì kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé e sí, kí ó lè bá àwòrán dúdú-òun-funfun wọlé. Ìgbì ti NTSC wà ní megahertz (ìwọ̀n bí ìgbì ṣe ń yára tó) 3.58, ti PAL sì wà ní 4.43. Bí tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ̀ ju PAL lọ bá gba àwòrán láti ara ẹ̀rọ Jàpáánì, 4.43 ni yóò ti máa wá àwọ̀, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀, nítorí náà yóò ti ilẹ̀kùn àwọ̀ rẹ̀ pa, yóò sì gbé ìyókù jáde fún yín. Bí wọ́n ṣe ṣe é pé kí ó máa ṣe náà nìyẹn.

Àwòrán tó ń yí lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìdúró jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìgbà 60 yẹn ni tẹlifíṣọ̀n náà kò lè bá rìn, bí oníjó tí ìlù ti yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan tó ti pẹ́ gan-an ní ohun kékeré kan tí a lè yí lẹ́yìn wọn, tí wọ́n kọ V-HOLD sí lára. Bí ẹ bá rọra yí i, lọ́pọ̀ ìgbà àwòrán yóò dúró, ṣùgbọ́n kò ní tìtorí ìyẹn ní àwọ̀.

Mo ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà lọ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wá. Nígbà tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, a rí i pé wọ́n kọ PAL/SECAM/NTSC (SECAM ni ìlànà mìíràn bíi PAL àti NTSC) sí ara léèbù rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tà fún wa ní ilẹ̀ yìí. Mo yí i sí AV, ìyẹn ti ihò wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò, mo tẹ MENU lórí rìmóòtù, mo sì wá ibi tí wọ́n kọ COLOR SYSTEM sí. PAL ni ẹnìkan ti tì í sí. Mo sún un dé NTSC 3.58, fìlà Mario inú gẹ́ẹ̀mù náà sì pọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ojú sódà mẹ́ta yẹn ló ń wò. Títú wọn kúrò gbà mí ní odindi ọ̀sán kan. Ẹ rántí pé orí AV ni kí tẹlifíṣọ̀n wà kí ẹ tó wá ibẹ̀ yẹn, nítorí pé lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n mìíràn, bí ẹ bá wà lórí ìkànnì, NTSC kò ní sí lára ohun tí ẹ lè mú.

Àwọn tó ra ẹ̀rọ láti Lọ́ńdọ̀nù máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ PAL ni àwa àti àwọn ará Ìlú Ọba jọ lò. Òótọ́ ni, bí ẹ bá lo wáyà AV. Bí ó bá jẹ́ wáyà áńtẹ́nà ni ẹ lò, àwòrán lè jáde dáadáa kí ohùn má jáde, kí ó jẹ́ pé ariwo ṣíí lásán ni ẹ óò máa gbọ́, nítorí pé megahertz 6.0 ni ohùn fi jìnnà sí àwòrán ní ọ̀dọ̀ wọn, ó sì jẹ́ 5.5 ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ti Famicom àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní Jàpáánì ní ọdún 1983, tún burú ju ìyẹn lọ: kò ní ihò AV rárá, ìkànnì kìíní àti ìkejì tó ń lò sì bọ́ sí àárín ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò FM wa wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó wá èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1993, tó ní AV lára.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè fo gbogbo wàhálà àwọ̀ yìí, òun ni RGB. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni yóò máa gba wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ìgbì 3.58 tàbí 4.43 tí ẹnikẹ́ni ń wá mọ́, kìkì pé kí tẹlifíṣọ̀n lè bá ìgbà 60 rìn. Tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ láti Yúróòpù sábà máa ń ní ihò SCART tó ń gbà á. Ẹ ṣọ́ra o: ihò RGB ti Jàpáánì jọ SCART bí ìbejì, eyín 21 ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n ohun tí eyín kọ̀ọ̀kan ń gbé yàtọ̀, ẹ má sì tìtorí pé ó wọlé kí ẹ tan iná sí i.

Àwọn kan á bi mí pé, ṣé kò wá sàn kí a kúkú ra ẹ̀rọ PAL? Ní tèmi, rárá. Ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù ayé ìgbà náà ni wọ́n kọ fún ìgbà 60, wọ́n sì gbé e sórí ẹ̀rọ PAL láìtún ìṣírò rẹ̀ ṣe. Gẹ́ẹ̀mù Sonic àkọ́kọ́, ti ọdún 1991, fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ lórí Mega Drive (ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù ti Sega) onígbà 50, tòun ti orin rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tó yẹ kí ó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àáyá 36. Ọ̀pá dúdú kan á tún dùbúlẹ̀ lókè àwòrán, èkejì nísàlẹ̀. Àwọn ará Bràsíìlì ló gbọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: PAL-M tiwọn fi àwọ̀ PAL sórí ìlà 525 àti ìgbà 60, gẹ́ẹ̀mù wọn sì ń sáré bó ṣe yẹ.

Ó yẹ kí n ti sọ ti iná kí n tó sọ ti àwọ̀, nítorí pé àwọ̀ kì í pa ẹ̀rọ. Fólítì 100 ni iná Jàpáánì, 120 ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. PlayStation tí wọ́n ṣe fún Jàpáánì gba iná tààrà sínú. Bí ẹ bá ki wáyà rẹ̀ bọ ihò ara ògiri wa, ẹ óò gbọ́ “táù” lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ fi step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù, sí àárín. Ihò 110 tó wà lẹ́yìn stabiláísà mìíràn ṣeé lò fún ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n fún ti Jàpáánì, èyí tó bá gbé 100 gan-an jáde ni kí ẹ wá, kí ẹ̀rọ má baà máa gbóná jù. Nintendo 64 kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí pé bíríkì iná rẹ̀ ṣeé yọ lẹ́yìn rẹ̀, ti Ìlú Ọba sì wọ inú ti Jàpáánì láìsí àtúnṣe. Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni ṣájà NES, ìyẹn Famicom bí wọ́n ṣe tà á ní Amẹ́ríkà. Ẹnu rẹ̀ wọ inú Famicom àti Super Famicom, ṣùgbọ́n AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) ni iná tó ń gbé jáde, nígbà tí DC (èyí tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ni àwọn méjèèjì ń fẹ́, tí nẹ́gétíìfù sì gbọ́dọ̀ wà ní àárín ẹnu ṣájà. Ẹ ka ara ṣájà. Bí ẹ bá rí “AC” níwájú ọ̀rọ̀ OUTPUT, ẹ gbé e kúrò nítòsí.

Tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tí gbogbo wa ń pè ní plasma sábà máa ń gba 50 àti 60 láìjanpata, nítorí náà àwọ̀ kì í ṣe ìṣòro níbẹ̀. Pípẹ́ ni ìṣòro rẹ̀: ó máa ń ro àwòrán kékeré àtijọ́ yìí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé e jáde, ẹni tó bá sì ti mọ gẹ́ẹ̀mù náà láti kékeré yóò rí i pé òun ti tẹ bọ́tìnì kí Mario tó fò. Ẹ wá “Game Mode” nínú MENU rẹ̀; ó máa ń dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè ṣe sí ti Zapper, ìbọn Nintendo tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ nínú gẹ́ẹ̀mù Duck Hunt, torí ìmọ́lẹ̀ orí gíláàsì àtijọ́ ni ìbọn náà ń ṣọ́, ní àkókò gan-an tó yẹ kí ó tàn, plasma kò sì lè tàn án fún un lásìkò. Ẹni tó bá fẹ́ yin pẹ́pẹ́yẹ yẹn níbọn ní láti wá tẹlifíṣọ̀n tó yọ ẹ̀yìn. Méjì ló kù ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì tà wọ́n.