Ìwọ́de Ò Tíì Bẹ̀rẹ̀, Ọlọ́pàá Ti Dé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Gbé Abuja

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú èèyàn lórí ohun tí kò tíì ṣe?

Òfin fàyè gbà á ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé wọ́n lè mú ẹni tí wọ́n bá fura sí, tí ìfura náà sì mọ́gbọ́n dání, pé ó ti dá ọ̀ràn. Ó wá fi kún un pé wọ́n tún lè mú èèyàn níwọ̀nba tó yẹ kó má baà dá ọ̀ràn. Apá kejì yẹn ni ọlọ́pàá máa ń dì mú bí àlejò ńlá bá fẹ́ wọ̀lú.

Nítorí náà, ẹ má fi àsìkò ṣòfò ní tésàn lórí “kò sófin tó ní kẹ́ ẹ mú mi.” Ẹ bi wọ́n pé: ọ̀ràn wo lẹ ní mo fẹ́ dá? Ìwọ́de lásán kì í ṣe ọ̀ràn, abala 40 ìwé òfin kan náà ló gbà wá láyè láti péjọ. Wọ́n á ní láti wá orúkọ mìíràn fún un: dída ìlú rú, gbígbìmọ̀ láti dá ọ̀ràn, tàbí àpèjọ tí kò bófin mu. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ wá síbí, kó mọ̀ pé Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, ni wọ́n ń lò ní Abuja. Lábẹ́ rẹ̀, èèyàn márùn-ún ló ń di àpèjọ tí kò bófin mu. Ní Gúúsù, mẹ́ta ti tó. Àmọ́ ẹ má tíì yọ̀, èèyàn méjì péré ti tó fún gbígbìmọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àsìkò ìdíje ńlá ni èyí máa ń le jù?

Nítorí pé ọjọ́ ìdíje kì í yẹ̀. Ìjọba lè sún ṣíṣí afárá síwájú, kò lè sún àṣekágbá ife àgbáyé. Gbogbo ayé ń wò, ẹni tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ náà ni wọ́n á gbọ́ òun. Ní Mexico City, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá 1968, àwọn sójà yìnbọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó péjọ ní Tlatelolco. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, ìwé ni wọ́n sábà máa ń lò. Ní Rio, ọjọ́ 12 oṣù Keje 2014, tí àṣekágbá ife àgbáyé ku ọ̀la, ọlọ́pàá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n sì lọ kó àwọn ajìjàgbara nílé wọn láàárọ̀. Irú àtìmọ́lé tí wọ́n lò, ọjọ́ márùn-ún ni, ó sì ṣeé sọ di mẹ́wàá. Ẹ kà á fúnra yín: ọjọ́ márùn-ún láti Sátidé, bọ́ọ̀lù ti parí tipẹ́.

Ṣé wọ́n máa ń gbé wọn dé kóòtù lẹ́yìn náà?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Wákàtí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹjọ́. Ní alẹ́ tí Òlíńpíìkì London bẹ̀rẹ̀ ní 2012, wọ́n mú èèyàn 182 nínú àwọn tó kóra jọ gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú títì, díẹ̀ péré ni wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ẹjọ́ tó lani lóye jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti Denmark wá. Ní oṣù Kẹwàá 2009, Denmark àti Sweden ń gbá bọ́ọ̀lù ní Copenhagen, ọlọ́pàá sì ti èèyàn mẹ́ta mọ́lé kí wọ́n má baà jà. Òfin ibẹ̀ ní kó má kọjá wákàtí mẹ́fà bó bá ṣeé ṣe. Wọ́n lò ju méje lọ. Ní 2018, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dá ọlọ́pàá láre, nítorí pé ewu ìjà náà hàn kedere, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ nígbà tí ewu kọjá. Àwọn tó fẹ́ jà nìyẹn o. Ẹni tó gbé páálí tí wọ́n kọ̀wé sí lọ́wọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra.

Níbí ńkọ́? Wákàtí mélòó ni wọ́n lè fi dá wa dúró?

Ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà. Ọjọ́ méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí kóòtù bá rí i pé ó yẹ, bí kò bá sí. Ẹ sọ fún mi, níbo nínú ìlú Abuja, láti Nyanya dé Kubwa, ni kò ti sí kóòtù láàárín 40 kìlómítà? Láàárín wákàtí 24 kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìdí tí wọ́n fi mú yín, lákọsílẹ̀, ní èdè tó yé yín.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀. Wọ́n á mú yín ní aago mẹ́rin, adájọ́ ti lọ sílé, kóòtù ò jókòó ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ó di Mọ́ńdè. Bí ìdíje bá jẹ́ ti òpin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ wọn ti parí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ní nọ́ńbà lọ́yà lọ́wọ́ kó tó di Jímọ́ọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé, torí fóònù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà. Tí kò bá sówó lọ́yà, Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wá lọ́yà fún aláìní, wà.

Ṣé dandan ni ká gbàwé àṣẹ kí a tó wọ́de?

Kì í ṣe dandan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, ọlọ́pàá tú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ká ní Kano. Ẹgbẹ́ náà pẹjọ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì sọ ní 2007 pé ìwé àṣẹ tí Public Order Act, òfin tó wà lórí àpèjọ ní gbangba, ń béèrè ta ko ìwé òfin Nàìjíríà. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé bí ẹ bá ti fi tó wọn létí, ojúṣe wọn ni láti pèsè ààbò.

Ẹ kọ lẹ́tà sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ẹ̀dà méjì. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, iye èèyàn tẹ́ ẹ ń retí, àti nọ́ńbà ẹni méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, pẹ̀lú déètì. Bí wọ́n bá kọ̀ láti lù ú, ẹ ya fọ́tò ìwé náà lórí tábìlì wọn. Má kọ “a tọrọ àyè”. “A ń fi tó yín létí” ni kó o kọ. Ẹni tó bá tọrọ ni wọ́n lè fi du.

Bí wọ́n bá yan ibìkan fún wa ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra. Beijing ya ọgbà mẹ́ta sọ́tọ̀ ní 2008 fún ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn. Ìwé ẹ̀bẹ̀ 77 ló wọlé, wọn ò fọwọ́ sí ẹyọ kan. Tiwa ò le tó yẹn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2024, kóòtù gíga Abuja pàṣẹ pé pápá ìṣeré Moshood Abiola nìkan ni ìwọ́de lòdì sí ìṣèjọba burúkú, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ti lè wáyé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, tajútajú dé bá wọn ní pápá náà. Bí ìdíje àgbáyé bá wá tún dé Abuja lọ́la, pápá kan náà ni wọ́n á kọ́kọ́ yí wáyà ká.

Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n wá. Ṣé kí n lọ?

Ẹ mú lọ́yà dání. Wọn ò gbọ́dọ̀ mú yín dípò rẹ̀. ACJA ti 2015, òfin tó wà lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn, àti òfin ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì ló kà á léèwọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín má kọ sítétímẹ́ǹtì kí lọ́yà tó dé, ìwé òfin fún un láyè láti dákẹ́. Bí wọ́n bá ní kó ṣí WhatsApp kí wọ́n wò ó, kó dúró de lọ́yà náà. Inú àwọn gúrúùpù yẹn ni wọ́n ti ń wá gbígbìmọ̀.